Nígbà tí ìgbéga bá da GDAL àti PROJ rú: bí a ṣe ń tún ètò máàpù ṣe lẹ́sẹẹsẹ

Ẹ gbé Ubuntu yín (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà) kúrò ní 22.04 bọ́ sí 24.04 lálẹ́ àná. Ilẹ̀ mọ́, ẹ fẹ́ fi osm2pgsql, èyí tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ́ láti inú kóòdù rẹ̀, kó dátà OpenStreetMap (máàpù ayé tí ẹnikẹ́ni lè lò lọ́fẹ̀ẹ́) wọ inú dátábéèsì bí ẹ ti máa ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kọ̀ǹpútà dá yín lóhùn báyìí:

    osm2pgsql: error while loading shared libraries: libproj.so.22:
    cannot open shared object file: No such file or directory

Lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, Python ló ń ké pé numpy, ohun èlò ìṣirò rẹ̀, kò bá òun mu. Lọ́dọ̀ ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀, QGIS, ètò tí a fi ń wo máàpù, ṣí dáadáa, ṣùgbọ́n máàpù tó fà sínú rẹ̀ kò mọ ibi tí òun wà láyé mọ́. Ìdí kan náà ni gbogbo rẹ̀: ètò kan ń wá láíbìrì (àkójọ kóòdù tí ọ̀pọ̀ ètò jọ ń lò) tí wọ́n fi kọ́ ọ, ìgbéga sì ti gbé òmíràn sí àyè rẹ̀.

Mo ti fi odindi òpin ọ̀sẹ̀ kan ṣòfò rí lórí irú wàhálà yìí, nítorí pé mo ń yọ nǹkan, mo ń dá a padà, kí n tó wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Ìlànà tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí ni mò ń tẹ̀ lé báyìí. Lórí Ubuntu ni mo gbé e kà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń lo Windows náà máa rí tirẹ̀ mú níbẹ̀.

Ẹ mọ ẹni tó jókòó lé ta ni

Láíbìrì mẹ́ta ló ru èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ máàpù orí kọ̀ǹpútà. GDAL, tí Frank Warmerdam bẹ̀rẹ̀ ní 1998, ló ń ka fáìlì máàpù, tó sì ń kọ ọ́: GeoTIFF, shapefile, GeoPackage àti ọ̀pọ̀ irú mìíràn. PROJ ló ń yí nọ́ńbà ibi kan padà láti inú ètò ìwọ̀n kan sí òmíràn. GEOS ló ń ṣe ìṣirò ìrísí: ibi tí ilẹ̀ méjì ti gun ara wọn, iye ilé tó wà láàárín 50 mítà sí odò. QGIS, PostGIS (àfikún máàpù fún dátábéèsì PostgreSQL), rasterio àti GeoPandas (láíbìrì Python méjì), orí àwọn mẹ́ta yìí ni wọ́n jókòó lé. GDAL fúnra rẹ̀ tún jókòó lé PROJ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí PROJ bá mì, gbogbo ilé ló ń mì.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ ohun tó wà nílẹ̀ sílẹ̀

Kí ẹ tó yọ ohunkóhun, ẹ tẹ àwọn àṣẹ yìí, kí ẹ sì da èsì wọn sínú fáìlì kan:

    which -a gdalinfo ogr2ogr
    gdalinfo --version
    gdal-config --version
    projinfo --searchpaths
    env | grep -E 'PROJ|GDAL|LD_LIBRARY'
    ldconfig -p | grep -E 'libgdal|libproj|libgeos'

Bí ẹ̀rọ bá ní òun kò mọ projinfo, inú proj-bin ló wà; gdal-config wà nínú libgdal-dev. Ẹ má gbàgbé àmì -a tó wà lẹ́yìn which. Láìsí i, èyí tó kọ́kọ́ bọ́ sójú nìkan lẹ máa rí. Pẹ̀lú rẹ̀, gbogbo gdalinfo tó wà lójú ọ̀nà ni yóò tò sílẹ̀ fún yín.

Bí ẹ bá máa bi ẹlòmíràn léèrè, èsì yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́. Ẹni tó bá sọ pé "QGIS mi ò ṣiṣẹ́ mọ́" kò tíì sọ ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi ràn án lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ ka nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn .so

Orí nọ́ńbà yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. Nígbà tí wọ́n bá kọ́ ètò kan, wọ́n á kọ nọ́ńbà láíbìrì tó ń lò sí inú rẹ̀. Ètò náà kò ní gba èyí tó kéré sí i, kò sì ní gba èyí tó ga jù ú lọ. Bí àwọn tó ń kọ láíbìrì bá yí ìrísí inú rẹ̀ padà débi pé ètò àtijọ́ kò lè bá a sọ̀rọ̀ mọ́, wọ́n á yí nọ́ńbà náà padà kí gbogbo ayé lè mọ̀.

Lórí Ubuntu, bó ṣe ń lọ nìyí. 20.04 gbé GDAL 3.0.4 wá, libgdal.so.26 ni fáìlì rẹ̀, PROJ 6.3.1 ló bá a wá, libproj.so.15. Ní 22.04, ó di GDAL 3.4.1 pẹ̀lú libgdal.so.30, àti PROJ 8.2.1 pẹ̀lú libproj.so.22. Ní 24.04, GDAL 3.8.4 pẹ̀lú libgdal.so.34, PROJ 9.4.0 pẹ̀lú libproj.so.25. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ètò tó ń wá libproj.so.22 lórí 24.04, ayé 22.04 ni wọ́n ti kọ́ ọ. Kò bàjẹ́. Ẹni tó mọ̀ ló ti kó kúrò ní àdúgbò.

Kí ẹ lè mọ gbogbo ohun tí ètò kan ń wá tí kò rí:

    ldd $(which osm2pgsql) | grep "not found"

Ní báyìí, ohun kan wà tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe é, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa dá a lámọ̀ràn fún yín:

    sudo ln -s libproj.so.25 libproj.so.22

Èyí jẹ́ pé ẹ fi orúkọ òkú pe alààyè. Ètò náà á ṣí, ẹ ó sì rò pé ó ti bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n àwọn iṣẹ́ kan tí ètò àtijọ́ mọ̀ lè ti kúrò nínú láíbìrì tuntun pátápátá. Bí àpẹẹrẹ, ọ̀nà àtijọ́ tí àwọn ètò fi ń bá PROJ sọ̀rọ̀, èyí tó ń gba inú fáìlì proj_api.h, PROJ 8 ti yọ ọ́ kúrò ní 2021. Bí iṣẹ́ tó ń wá kò bá sí níbẹ̀, ẹ ó rí "undefined symbol", ètò á sì kú. Èyí ṣì sàn. Èyí tó burú ni kí iṣẹ́ náà wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n kí ìtò nọ́ńbà inú rẹ̀ ti yàtọ̀. Ètò á máa ṣiṣẹ́ lọ, á máa fún yín ní ìdáhùn, ìdáhùn náà á sì jẹ́ irọ́.

Ojútùú tó tọ́ ni pé kí ẹ tún ètò náà kọ́ lórí ilẹ̀ tuntun. Ẹ kó àwọn ohun ìkọ́lé wá, kí ẹ pa ibi ìkọ́lé àtijọ́ rẹ́ pátápátá:

    sudo apt install libproj-dev libgdal-dev libgeos-dev
    rm -rf build
    cmake -B build && cmake --build build

rm -rf yẹn kì í ṣe àṣejù. CMake máa ń rántí ibi tó ti rí PROJ lọ́jọ́sí, yóò sì padà lọ wá a níbẹ̀ bí ẹ kò bá pa ìrántí náà rẹ́. Bí ètò náà bá wà nínú àkójọ Ubuntu fúnra rẹ̀, bí osm2pgsql ti wà, ó rọrùn jù kí ẹ yọ tiyín kúrò, kí ẹ sì fi apt gbé tiwọn wá.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ wá GDAL kejì

Bí which -a bá fi ogr2ogr méjì hàn yín, ọ̀kan ní /usr/bin, ọ̀kan ní /usr/local/bin, ẹ ti rí ẹni tó ń dá ìjà sílẹ̀. Èyí tó wà ní /usr/local ni ẹnì kan ti fọwọ́ kọ́ nígbà kan rí, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ dáhùn tí ẹ bá pè. Ìgbéga Ubuntu kì í fọwọ́ kàn án. Bí ẹ kò bá nílò rẹ̀ mọ́, ẹ kó o kúrò níbẹ̀ lọ sí fódà mìíràn ná, kí ẹ tẹ sudo ldconfig, kí ẹ sì tún gbìyànjú. Tí gbogbo nǹkan bá ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ lè wá pa á rẹ́.

Ẹ tún wo àwọn ibùdó àfikún tí ẹ ti ń gba ètò, bíi ubuntugis. Nígbà tí ẹ bá ń gbé Ubuntu ga, ìgbéga máa ń ti ibùdó wọ̀nyí pa, ṣùgbọ́n àwọn ètò tí ẹ ti gbà níbẹ̀ ṣì wà lórí ẹ̀rọ. Ẹ wá ní ìdajì láti ọ̀dọ̀ ubuntugis, ìdajì láti ọ̀dọ̀ Ubuntu. Tí ẹ bá ti ṣí ibùdó náà padà, ppa-purge ló ń dá gbogbo rẹ̀ padà sí ti Ubuntu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ bá PROJ wá ìwé rẹ̀

Láti PROJ 6 tó jáde ní 2019, gbogbo ìmọ̀ PROJ nípa ètò ìwọ̀n ayé wà nínú fáìlì kan tó ń jẹ́ proj.db. Láíbìrì àti fáìlì yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Bí láíbìrì tuntun bá ṣí proj.db àtijọ́, ẹ ó rí gbólóhùn tó ní DATABASE.LAYOUT.VERSION.MINOR nínú, tó sì parí pẹ̀lú "It comes from another PROJ installation". Bí kò bá rí fáìlì náà rárá, yóò ní "Cannot find proj.db".

Ní ìgbà mẹ́wàá tí mo bá rí èyí, nǹkan bíi mẹ́jọ ló jẹ́ pé variable PROJ_LIB ló fà á. Ẹnì kan ti kọ ọ́ sínú ~/.bashrc nígbà kan, ó sì ń tọ́ka sí fódà tí ayé ti gbàgbé. Lórí Windows, àwọn ètò míì máa ń kọ PROJ_LIB sí ẹ̀rọ fúnra wọn nígbà tí ẹ bá ń gbé wọn wọlé, wọn á sì tipa bẹ́ẹ̀ fa QGIS àti Python lọ sí proj.db tí kì í ṣe tiwọn. Láti PROJ 9.1, orúkọ tuntun rẹ̀ ni PROJ_DATA, ṣùgbọ́n PROJ ṣì ń ka ti àtijọ́, nítorí náà ẹ wo méjèèjì.

    unset PROJ_LIB PROJ_DATA GDAL_DATA
    projinfo EPSG:26331

EPSG ni ìwé àkójọ tó fún ètò ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà; 26331 jẹ́ ọ̀kan lára ti Nàìjíríà. Bí èsì bá jáde wẹ́rẹ́ lẹ́yìn unset, ẹ lọ pa ìlà náà rẹ́ nínú .bashrc, tàbí nínú Environment Variables tí ẹ bá wà lórí Windows. Ẹ má fi nǹkan mìíràn rọ́pò rẹ̀. Láíbìrì tí wọ́n gbé wọlé dáadáa mọ ibi tí ìwé rẹ̀ wà láìsí ẹni tó ń tọ́ ọ sọ́nà.

Ìgbésẹ̀ 5: Python

Ohun tó ń da ènìyàn láàmú jù níbí ni pé GDAL lè tó mẹ́ta nínú Python kan ṣoṣo. Bí ẹ bá fi pip gbé rasterio, pyogrio tàbí pyproj wọlé, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ru GDAL tàbí PROJ tirẹ̀ sẹ́yìn wá. Ṣùgbọ́n èyí tó ń jẹ́ GDAL gan-an lórí PyPI, ibi tí pip ti ń gba ètò, kò ru nǹkan kan. Ti Ubuntu ló ń lò, ó sì gbọ́dọ̀ bá a dọ́gba. Bí kò bá dọ́gba, yóò sọ fún yín pé "Python bindings of GDAL" ẹ̀dà báyìí nílò libgdal báyìí, àmọ́ òmíràn ni òun rí. Ẹ jẹ́ kí gdal-config sọ ẹ̀dà tó yẹ. Inú venv, àyè Python ọ̀tọ̀, ni kí ẹ ti ṣe é, nítorí pé Ubuntu 24.04 kò ní gbà kí pip fọwọ́ kan Python tirẹ̀:

    python3 -m venv ~/maapu && source ~/maapu/bin/activate
    pip install "numpy<2" wheel setuptools
    pip install --no-cache-dir --no-build-isolation \
        "gdal[numpy]==$(gdal-config --version).*"

--no-build-isolation ló ń jẹ́ kó rí numpy nígbà tó bá ń kọ́ ara rẹ̀. Bí ẹ bá yọ ọ́, GDAL lè wọlé láìsí apá tó ń bá numpy sọ̀rọ̀, ẹ ó sì rí "cannot import name '_gdal_array'" lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ ka àwòrán sátẹ́láìtì.

Ní ti numpy fúnra rẹ̀: NumPy 2.0 jáde ní oṣù kẹfà 2024, ó sì yí ìrísí inú rẹ̀ padà. Bí ẹ bá rí "A module that was compiled using NumPy 1.x cannot be run in NumPy 2.0", ẹ gbé láíbìrì tó ń ké ga. Bí kò bá tíì ní ẹ̀dà tuntun, ẹ dá numpy dúró sí ìsàlẹ̀ 2 bí mo ti ṣe lókè yìí.

Bí iṣẹ́ bá kọjá èyí, ẹ jẹ́ kí conda-forge, ibùdó ètò tí conda ti ń gba nǹkan, ṣe é fún yín. Òun ló ń kọ́ GDAL, PROJ àti GEOS pọ̀, tí wọ́n fi bá ara wọn mu. Ẹ má kàn dà á pọ̀ mọ́ ibùdó mìíràn, ẹ má sì fi pip gbé rasterio lé e lórí:

    conda create -n maapu -c conda-forge --override-channels \
        python=3.12 gdal rasterio geopandas

Àwọn àyípadà kan wà tí kì í ṣe ti láíbìrì tí kò rí ara wọn, kóòdù yín ló ti gbó: "'MultiPolygon' object is not iterable" túmọ̀ sí pé ẹ ti wà lórí Shapely 2, kí ẹ kọ .geoms mọ́ ọn.

Ìgbésẹ̀ 6: PostGIS

Kí ẹ tó fọwọ́ kan dátábéèsì, pg_dump -Fc ni àṣẹ àkọ́kọ́, kí ẹ sì gbé fáìlì náà kúrò lórí ẹ̀rọ yẹn. Lẹ́yìn náà:

    SELECT postgis_full_version();

Bí ẹ bá rí "need upgrade" nínú èsì, láíbìrì ti di tuntun, ṣùgbọ́n àwọn iṣẹ́ inú dátábéèsì ṣì jẹ́ ti àtijọ́. Àṣẹ yìí ló ń mú wọn bára dọ́gba:

    SELECT postgis_extensions_upgrade();

Ẹ ṣe é nínú dátábéèsì kọ̀ọ̀kan. Ti ọ̀kan kò kan èkejì. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti PostGIS 2.5 lè rí "could not access file $libdir/postgis-2.5". Fáìlì yẹn kò sí mọ́. Láti PostGIS 3, postgis-3 lásán ni orúkọ rẹ̀. Ẹni bẹ́ẹ̀ tún gbọ́dọ̀ mọ̀ pé raster ti kúrò nínú postgis, ó ti di postgis_raster, ohun ọ̀tọ̀.

Ìgbésẹ̀ 7: Àṣìṣe tí kì í pariwo

Títí dé ibí, gbogbo àṣìṣe tí a ti sọ ló ń ké. Èyí tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí kì í ké. Gbogbo nǹkan ṣí, kò sí ìlà pupa kankan, ilẹ̀ sì ti kúrò níbi tó wà.

Èkíní ni ìtò nọ́ńbà. Kí GDAL 3.0 tó dé ní 2019, ọ̀pọ̀ kóòdù ló ń fi longitude ṣáájú latitude nínú EPSG:4326. Láti ìgbà náà, GDAL àti PROJ ń tẹ̀ lé ohun tí EPSG kọ sílẹ̀: latitude ló ṣáájú. Ìbàdàn wà ní nǹkan bíi latitude 7.4, longitude 3.9. Bí kóòdù àtijọ́ yín bá fi 3.9, 7.4 ránṣẹ́, PROJ tuntun á kà á sí latitude 3.9, longitude 7.4, Ìbàdàn á sì bọ́ sínú òkun ní gúúsù Bonny. Bẹ́ẹ̀ ni kò ní sí ìkìlọ̀ kankan.

Nínú pyproj, ọ̀rọ̀ kan ló ń tún un ṣe:

    from pyproj import Transformer
    t = Transformer.from_crs("EPSG:4326", "EPSG:32631", always_xy=True)
    print(t.transform(3.9, 7.4))

Ẹ gbọ́dọ̀ rí easting (ìwọ̀n mítà sí ìlà oòrùn) tó jẹ́ nǹkan bíi 599,000 àti northing (ìwọ̀n mítà sí àríwá) tó jẹ́ nǹkan bíi 818,000. Bí easting bá di nǹkan bíi 989,000, nọ́ńbà ti yí síra. Àní láìmọ ibi tí ẹ wà, easting inú zone kan nínú UTM (ètò ìwọ̀n tó pín ayé sí ọ̀já ọ̀já, tó sì ń fi mítà wọ̀n) kì í kọjá nǹkan bíi 834,000. Ohun tó bá ju ìyẹn lọ ń sọ fún yín pé nǹkan ti yẹ̀. Ẹni tó ń lo osgeo tààrà á fi ìlà yìí sí orí srs (ètò ìwọ̀n) méjèèjì:

    srs.SetAxisMappingStrategy(osr.OAMS_TRADITIONAL_GIS_ORDER)

Èkejì kéré sí i lójú, ṣùgbọ́n òun gan-an ló ń dá ẹjọ́ ilẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ pílánù ilẹ̀ ní Nàìjíríà ló wà lórí datum Minna (datum ni ìpìlẹ̀ tí a ti ń wọn ilẹ̀): EPSG:26331 fún UTM zone 31, tàbí EPSG:26391 fún West Belt. GPS tó wà lọ́wọ́ yín ń fọ èdè WGS 84. Láàárín méjèèjì, lápá ibi tí Ìbàdàn wà, ilẹ̀ kan náà fi ju 100 mítà lọ yàtọ̀ síra. Pulọ́ọ̀tì tó gùn ní 100 ẹsẹ̀ bàtà kò ju 30 mítà àti díẹ̀ lọ. Ẹ wo iye ààlà tí ẹ ó ti fò kọjá.

Ọ̀nà tó lè gbà yí Minna sí WGS 84 ju ẹyọ kan lọ nínú proj.db, ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti péye sì yàtọ̀. PROJ àtijọ́ ń lo èyí tó bá wà nínú +towgs84 tí ẹ kọ. PROJ tuntun ń fúnra rẹ̀ yan, ní wíwo ibi tí ojú àmì náà wà. Ẹ bi í léèrè èyí tó rò pé ó yẹ ní agbègbè yín:

    projinfo -s EPSG:4263 -t EPSG:4326 \
        --bbox 2.6,6.3,6,9.2 --summary

Bí ẹ bá rí "Ballpark" níwájú ọ̀nà kan, ọ̀nà yẹn kò sún ilẹ̀ rárá. Ó kàn ń pe Minna ní WGS 84. Ẹ má jẹ́ kí iṣẹ́ yín gba ibẹ̀.

Nítorí èyí ni mo ṣe máa ń tọ́jú fáìlì kékeré kan tó ní ojú àmì mẹ́wàá tí mo ti mọ̀ dájú, àwọn òpó ìwọ̀n ilẹ̀ tí mo ní nọ́ńbà wọn lórí Minna. Kí n tó gbé ẹ̀rọ ga:

    cs2cs -f "%.3f" EPSG:26331 EPSG:32631 < oju_ami.txt > saaju.txt

Lẹ́yìn ìgbéga, mo tún un ṣe sínú leyin.txt, mo sì fi diff wo méjèèjì. Bí diff kò bá sọ nǹkan kan, mo máa ń kọ ẹ̀dà gbogbo láíbìrì náà sórí fáìlì náà, mo sì ń bá iṣẹ́ lọ. Bí nọ́ńbà bá yàtọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lọ, projinfo òkè yẹn ni mo máa padà sí, kò sì sí máàpù kankan tó máa kúrò lọ́wọ́ mi títí màá fi mọ ọ̀nà tí PROJ yàn àti ìdí tó fi yàn án.